Iná Tí A Kì Í Fẹ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí baba mi kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ tàbí lẹ́yìn ìyá rẹ, ẹ̀yìn yòówù kó wà nígbà tí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ọmọ ń sùn lóru kí ẹ̀yin náà lè sùn? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé yín àti ọ̀nà yín, ọmọ yẹn á dàgbà, á ga débi pé á máa tẹ orí ba kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì ní tún ẹnu ọ̀nà náà ṣe, kó lè máa tẹ orí ba kí mi. Àmín. Mo ní kí n kí yín tán kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè mú un mọ́ra mọ́: ó ti ṣiṣẹ́! Ọmọ mi, ó ti ṣiṣẹ́! Orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ìgúnpá mi kan wà létí ibi tí omi ti ń jáde, ẹsẹ̀ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń tutù, mo ti wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ó dáa, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà sọ fún ọkọ rẹ pé orí bàbá ẹ ti dàrú.

Gbogbo wa nílé wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, méjì ló bí, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì ò jọ ẹnì kankan tí mo mọ̀. Òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Àǹtí Oníyọ̀, ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi láti ìgbà tí ìyá rẹ ti wá bá ẹ tọ́jú ọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n o mọ ọwọ́ àǹtí rẹ. Mo máa ń mu omi kí n tó jẹun, mo máa ń mu omi tí mo bá ń jẹun, tí mo bá jẹun tán, mo máa ń lọ bá kànga. Ilé ìfowópamọ́ tí mo ń fowó sí kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù, wọ́n kí mi kú ọjọ́ ìbí. Inú mi dùn gan-an, mo dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ wọn, mo ṣe àdúrà tó gùn dáadáa fún wọn. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn ò ṣe àmín. Tí o bá ń kọjá níwájú wọn níbẹ̀ yẹn, jọ̀ọ́, bá mi yà wò wọ́n bóyá ara wọn ò yá.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ gan-an ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tó ń lọ, ohun tó sọ fún mi ni pé tí ọmọ bá ti lè jókòó, òun á padà wálé. Mo gbọ́ pé ọmọ ti jókòó, mo ṣí fèrèsé. Mo gbọ́ pé ó ti ń rákò, mo gbálẹ̀. Mo gbọ́ pé ó ti di àga mú, ó ti dìde dúró, mo tún ilẹ̀ gbá, ìyá rẹ ò dé. Ni mo bá pè é. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló ń bọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ létí mi, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ ni pé òun ò fẹ́ mọ́. Òun ò fẹ́ mọ́! Fóònù sì kú.

Ọmọ mi, mo jókòó lójú kan náà. Obìnrin tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n máa bí ẹ, tí mo fẹ́ níṣojú bàbá rẹ̀ tó ń wò mí bí olè, òun ló ní òun ò fẹ́ mọ́? Kí ni mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí mo ti ṣe, láti ìgbà tí mo ti gbé e wọlé. Nígbà tí mo rò ó dé ìdajì, mo rí i pé ó ti ń pọ̀ jù, mo sì dáwọ́ dúró.

Kò pẹ́ ni ìwọ wá fi fóònù olójú yẹn pè mí, èyí tí èèyàn fi ń rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo sáré wọ aṣọ tó dáa, mo dé fìlà, mo wọ bàtà pàápàá. Ìyá rẹ yọjú. Ẹnu rẹ̀ ń lọ wéréwéré, ohùn kankan ò jáde. Mo ní yéè, ó ti wá le débi pé kò tiẹ̀ fẹ́ kí n gbọ́ ohùn òun mọ́. Inú bí mi. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu, mi ò jẹ́ kí ohùn jáde, kó lè mọ̀ pé èmi náà lè bínú tí mo bá fẹ́. Bí a ṣe ń wo ara wa nìyẹn, tí a ń la ẹnu bí ẹja inú basíà, títí tí Àǹtí Oníyọ̀ fi wọlé tó bi mí bóyá eyín ló ń dùn mí. Àṣé baba mi kékeré ló fi ìka tẹ ohun tó ń pa fóònù lẹ́nu mọ́. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwa méjèèjì!

Ìgbà tí o wá pè mí padà lo là mí lójú. O ní ìyá rẹ ò sọ pé òun ò fẹ́ mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ná mọ́. Iná! Nẹ́tíwọ̀kì ló gbé iná mì, tó wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí mi kó lè pa mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ṣùgbọ́n o ò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín pẹ́. O ní ìyá rẹ ti rí ẹ̀rọ ìdáná nílé rẹ, tó jẹ́ pé èèyàn á kàn yí nǹkan, iná á jáde. O ní ojú rẹ̀ ò ta á mọ́, ikọ́ rẹ̀ ti lọ. O ní ó sọ ọ́ gbangba pé òun ò ní kúnlẹ̀ síwájú ààrò fẹ́ná mọ́ láyé òun, àti pé tí mo bá fẹ́ rí òun, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Kí n máa bọ̀ kẹ̀? Ta ló máa ṣọ́ ewúrẹ́? Mo jáde lọ sí ilé ìdáná wa, mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ná náà wò. Ojú mi ń da omi, imú mi ń da omi, àwọn tó ń kọjá ń kí mi pé mo kú àmúmọ́ra, wọ́n ń bi mí pé ta ló kú? Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ ìdáná rẹ ti gba ìyàwó mi, àfi kí n yáa gbà á padà.

Ló bá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tó máa ń ra irin àlòkù ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá níwájú ilé. Ohun kan dùbúlẹ̀ sórí ọmọlanke náà, ó gùn tó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi tapólì bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Mo ṣí fìlà, mo rò pé òkú ni. Ó ní rárá o, ilé ìdáná ni. Mo ní irú ilé ìdáná wo ló ń gun ọmọlanke? Ó ká tapólì kúrò. Háà! Irin kan ṣoṣo ni, wọ́n fi tánganran funfun bò ó lára. Lápá ọ̀tún, ojú iná wà lórí rẹ̀, ihò tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì wà lábẹ́ rẹ̀. Lápá òsì, síńkì wà níbẹ̀ tòun ti ẹnu ẹ̀rọ omi, fíríìjì kékeré sì wà lábẹ́ síńkì, tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Gbogbo wọn nínú ara kan! Èèyàn á fọ nǹkan, á sè é, á gbé ìyókù sínú òtútù, kò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Ọkùnrin náà ní inú ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń wó lòun ti rí i, òun sì ń gbé e lọ fọ́ kí òun lè tà á ní irin. Fọ́ kí ni? Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mú níbẹ̀, mo ní kò ní lọ.

Ṣé o rántí àwọn páànù àlòkù tó wà lẹ́yìnkùlé, tí ìyá rẹ ti ń bẹ̀ mí kí n kó dànù láti ìgbà tí o ti ń lọ sí iléèwé, tí mo ń sọ pé wọ́n máa wúlò? Wọ́n wúlò! Àwọn ni mo kó fún un, ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo parí ẹjọ́ méjì tí ìyá rẹ ń bá mi ṣe. Má sọ ti páànù yẹn fún un o. Fi sílẹ̀ fún mi, èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, tí gbogbo ayé ń pè ní Kò-sí-wàhálà, nítorí kò sí ohun tí o máa fi hàn án tí kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Mo fi ìpẹtà hàn án, ó ní kò sí wàhálà. A ṣí ihò ìyan-búrẹ́dì, eku fò jáde pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀, Kò-sí-wàhálà ti gun orí tábìlì nígbà tó ń sọ pé kò sí wàhálà. Èmi àti òun la jọ ṣe é. A fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ̀rá àtijọ́ tó ti gbẹ mọ́ ọn lára, a fi pépà oníyanrìn ha ìpẹtà, ó fi ọ̀dà funfun sí ibi tí tánganran ti ṣí. Rọ́bà tó yẹ kó di ẹnu fíríìjì ti jẹrà, rọ́bà inú táyà ló gé tó fi dípò. Ọ̀kan ti sọnù nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń yí iná, èmi fúnra mi fi igi gbẹ́ òmíràn, ó sì dáa ju tàtijọ́ lọ, ìyá rẹ á fọwọ́ kàn án, á mọ̀. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tó wà láàárín wa ni ìgbà tó ní òun fẹ́ fi gáàsì sínú fíríìjì. Mo ní kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣebí gáàsì ni wọ́n fi ń dáná nílé ọmọ mi, ṣé o fẹ́ se omi tútù ni? Ó ní gáàsì ti fíríìjì yàtọ̀. Mo ní kó fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé omi inú korobá sítòsí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbé e wọlé, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kéré. A gbé e ní ìdúró, kò wọlé. A gbé e ní ìbúlẹ̀, kò wọlé. Àǹtí Oníyọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń sọ fún wa bí òun ì bá ṣe gbé e. Nígbẹ̀yìn, mo yọ férémù ilẹ̀kùn kúrò, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. A kun ògiri kó lè bá a mu. A fa páìpù látinú táǹkì wá sí ẹnu ẹ̀rọ, a fa òmíràn tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ìdérí agolo la fi gbé e dúró. Àwọn oníná fún mi ní fọ́ọ̀mù kan kí n kọ nǹkan sí i nítorí ẹ̀rọ náà. Wọ́n béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ń gbóná, ẹ̀gbẹ́ kan ń tutù, wọ́n sì jọ ń gbé inú ara kan láìjà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé tọkọtaya ni. Ọmọbìnrin tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú, ó ní kí n máa lọ sílé, òun á bá mi tún un kọ.

Ọmọ mi, ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyí. Kò-sí-wàhálà fẹ́ lọ ra wáyà tó nípọn. Bó ṣe ń lọ, ó sọ fún mi pé gbogbo ẹ̀ ti parí, iná nìkan ló kù. Iná nìkan ló kù! Kí ni èèyàn á fẹ́ gbọ́ ju ìyẹn lọ? Mo mọ̀ pé iná wà tó ń tan gílóòbù nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé ìdáná, iná tí èmi mọ̀ ni èyí tó ń jẹ igi. Mo ní kí n má jẹ́ kó padà wá bá iṣẹ́ tó kù, kó lè mọ̀ pé ọkùnrin gidi lòun ń bá ṣiṣẹ́. Mo la igi, mo tò ó sínú ihò ìyan-búrẹ́dì, mo da kẹrosíìnì lé e, mo ṣáná sí i. Kò tètè ràn. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo sì fẹ́ ẹ.

Kò sí ibi tí èéfín ò gbà jáde. Ó gba ojú iná jáde, ó gba ìdí èyí tí mo fi igi gbẹ́ jáde. Àǹtí Oníyọ̀ sáré wọlé, ó da omi sí i, ó da omi sí èmi náà. Nígbà tí ilé mọ́lẹ̀ padà, ẹ̀rọ funfun ti di dúdú, ọ̀dà ti wú, ohun kan ń kán tọ́tọ́ nínú rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi. Mi ò ní parọ́ fún ẹ, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí irin. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ nínú ilé yẹn, mo ti mọ ibi tó máa dúró sí, mo ti mọ ohun tó máa kọ́kọ́ bú mi lé lórí. Mo wò ó pé mo ti fi ọwọ́ ara mi sun ún.

Kò-sí-wàhálà dé, ó gbé wáyà lé èjìká. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo igi, ó wo èmi. Ó wá ní, Bàbá, wàhálà wà.

Ọmọ mi, wàhálà wà! Ẹni tí eku pàápàá ò rí ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu ẹ̀! Ṣùgbọ́n ó bọ́ ẹ̀wù, ó dùbúlẹ̀, ó ki orí bọ inú ihò náà, ó yọ gbogbo wáyà tó jó, ó fi tuntun sí i. Ó ní Ọlọ́run ló yọ mí, iná ò dé ìdí fíríìjì. Èmi ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ èéfín kúrò lára tánganran, mo fọ̀ ọ́ títí ìka mi fi bó. Ó mọ́, àfi ojú kan lókè ilẹ̀kùn ìyan-búrẹ́dì, tó dúdú bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó ní kí òun fi ọ̀dà bò ó. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ máa béèrè ohun tó ṣe é, èmi á sì rò ó fún un, á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lánàá ni ó so wáyà pọ̀, ó ní kí n yí i. Mo yí èyí tí mo gbẹ́. Ojú iná pọ́n díẹ̀díẹ̀, kò sí èéfín, kò sí igi, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ẹ! Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tó jẹun yó tó sùn. Mo ṣí omi, omi dà. Mo pariwo! Mo gbá Kò-sí-wàhálà mọ́ra, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Àǹtí Oníyọ̀ náà mọ́ra. Mo din ẹyin fúnra mi, mi ò fi iyọ̀ sí i rárá, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró. Ó dùn o, ọmọ mi. Ìgbà tí mo yíjú láti sọ fún ìyá rẹ pé ó dùn ni mo rántí pé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ló kù. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní ní kí o fi owó ránṣẹ́ sí mi. Ó dáa, díẹ̀, ti káàdì iná, nítorí ẹ̀rọ yìí ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ̀kan lo lè ṣe, fi ti káàdì sílẹ̀, kí o fi owó náà san owó ọkọ̀ fún ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ṣì nílò rẹ̀. Tí apá rẹ ò bá tíì ká ọmọ ní ìwọ nìkan, kí gbogbo yín máa bọ̀, mo ti sọ fún ẹ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ti fẹ̀ báyìí. Ọlọ́run á gbé yín wá láyọ̀, á mú kí ọwọ́ rẹ máa rí ṣe, á mú kí ọkọ rẹ máa rí tìẹ rò, á jẹ́ kí ọmọ yín fẹ́ràn ilé wa bó ṣe fẹ́ràn fóònù.

Mo ti bu omi sínú ife méjì, mo gbé e sínú fíríìjì. Mo ti mu tèmi, eyín mi ṣì ń ta mí. Ti ìyá rẹ wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, màá sì tún pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Jọ̀ọ́, má fi fóònù sọ èyí tó kù yìí fún un. Jókòó tì í, gba fóònù lọ́wọ́ baba mi kékeré, kí o sì rọra kà á sí i létí, kí ohunkóhun má gbé ọ̀rọ̀ kankan mì nínú rẹ̀. Sọ fún un pé a ò fẹ́ná mọ́ nílé yìí. Òun ni mo ṣì fẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.